Ohùn Yín Lẹ́nu Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò ní kí yín pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹ lọ rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a sin yín sí itẹ́ òkú Nichelino nínú òtútù, pé èmi ni mo kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i, àti pé láti ọjọ́ náà títí di Sọ́ńdè tó kọjá yìí, ìyá yín ò mọ̀ pé ẹ ti kú. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ yín ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ìbéèrè kan sì tún wà lọ́kàn mi tí mi ò lè bi alààyè kankan.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Wọn kì í tú ọ̀fọ̀ ọmọ fún ìyá arúgbó. Ọjọ́ kẹta tí ẹ kú ni Bọ̀dá Múyìwá, àbúrò yín, pè mí láti Abẹ́òkúta pé Màmá Àgbà ò gbọdọ̀ gbọ́, pé ọkàn wọn ò ní lè gbé e, pé ká ṣì pa á mọ́ ná. Mo ní kò burú. Nígbà tó di Sọ́ńdè, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí ẹ máa ń pè wọ́n, mo jókòó sí kíṣìnì, fóònù yín wà lórí tábìlì níwájú mi. Nígbà tí ẹ ò pè, àwọn ló pè. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo gbé e. Mo fẹ́ sọ pé ẹ ò sí nílé ni. Ṣùgbọ́n mo ti sunkún láti àárọ̀, ọ̀fun mi ti wú, nígbà tí mo sì ní “Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Màmá,” ohùn tó jáde nípọn ju tèmi lọ.

“Àkànní,” ni Màmá Àgbà wí, “ọ̀fìnkìn ti mú ẹ nínú òtútù yẹn. Mo ní kó o máa dé fìlà.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní màá máa dé fìlà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Bàbá mi. Mi ò jókòó gbèrò ẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ọ̀sẹ̀ ò sì pẹ́ yípo. Sọ́ńdè kejì dé, wọ́n tún pè. Màmá mi ti kó lọ sí Padova lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin, èmi nìkan ló kù nínú ilé yín, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó máa kì mí wọ̀. Ojú Màmá Àgbà ti ṣú tipẹ́, wọn ò lè wo ènìyàn lójú fóònù, ohùn nìkan ni wọ́n fi ń mọ tọmọ. Ohùn yín sì ti wà nínú mi láìjẹ́ pé mo mọ̀: bó ṣe máa ń wúwo níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó sì máa ń rọlẹ̀ níparí, bí ẹ ṣe máa ń sọ pé “ó dáa bẹ́ẹ̀” kí ẹ tó sọ ohunkóhun, títí kan èémí kékeré tí ẹ máa ń fi imú fà bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni bíni làá jọ. Mi ò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí, Màmá Àgbà á gbàdúrà fún yín. Ẹ̀mí gígùn, àlàáfíà, ọjọ́ ogbó. Èmi á máa ṣe àmín. Ẹ ò rí ọ̀ràn? Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin bàbá rẹ̀ ń ṣe àmín sí ẹ̀mí gígùn tí wọ́n ń tọrọ fún bàbá náà. Ní oṣù àkọ́kọ́, ara mi máa ń bù máṣọ bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn, pé ó mọ́ mi lára.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín náà wà nínú ẹ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ ara líle àti oúnjẹ nìkan lẹ máa ń bá wọn sọ ni, irọ́ mi ì bá rọrùn, ì bá sì tètè tán. Abúlé yẹn ló bà mí jẹ́. Gbogbo Sọ́ńdè láti ìgbà tí mo ti dé Italy ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ máa ń gbọn kóòtù yín, tí ẹ máa ń wọ treno, ọkọ̀ ojú irin, ní Lingotto, tí ẹ máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Asti, tí ẹ máa ń wọ bọ́ọ̀sì pullman gun òkè lọ sí abúlé náà. Ibẹ̀ lẹ ti kórè àjàrà lọ́dún tí ẹ kọ́kọ́ dé, kí ẹ tó ríṣẹ́ sí magazzino, ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ ò ní ẹbí kankan níbẹ̀. Àwọn ohun àtijọ́ lẹ máa ń lọ wò: ilé ìṣọ́ olókùúta tó ṣẹ́kù lára ààfin tó ti wó, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ya àwòrán sí lára, ilé àdúrà kékeré tó dá dúró láàárín oko àjàrà. Lẹ́yìn náà ẹ ó jókòó díẹ̀ ní bar signora Ines ní piazza, gbàgede abúlé náà. Tó bá di aago márùn-ún, ẹ ti délé, ẹ ti bọ́ bàtà, ẹ ti ń ròyìn gbogbo ẹ̀ fún ìyá yín. Mo máa ń gbọ́ yín láti yàrá mi. Mo máa ń rò pé kí lèyí fẹ́ ṣe fún arúgbó tó wà ní Abẹ́òkúta.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi ń gbé ọ̀sẹ̀ wọn ró ni. Wọ́n mọ abúlé yẹn ju èmi tó ń gbé Italy lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ọkùnrin gìrìwò tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì níta, San Cristoforo, tó gbé ọmọ kékeré lé èjìká tó ń là á kọjá odò. Ẹ ti sọ fún wọn pé ohun táwọn ará ibẹ̀ gbà gbọ́ láyé àtijọ́ ni pé ẹni tó bá wò ó lójú lónìí, ikú òjijì ò ní pa á lónìí. Torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ní gbogbo Sọ́ńdè ni pé, “Àkànní, ṣé o ti wo ọkùnrin ẹ?” Ọjọ́rú lẹ kú, Bàbá mi. Ẹ ṣubú sáàárín páálí níbi iṣẹ́. Ọkùnrin yín ò ṣe onídùúró Ọjọ́rú fún yín.

Mo rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, tí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Ẹ fi ọ̀kan hàn mí, inú yín ń dùn. Mo ní “Che noia, papà,” pé ó ti sú mi kí n tó débẹ̀. Èdè Italian ni mo fi ń dá yín lóhùn nígbà yẹn, bí gbogbo wa. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì kejì sápò kóòtù, ẹ sì lọ. Ẹ ò bínú. Ẹ ò sì tún pè mí mọ́. Ṣé ó dùn yín? Mi ò béèrè rí.

Ó tó bí oṣù méjì kí irọ́ mi tó fẹ́ já. Mo sọ fún Màmá Àgbà pé mo gun ilé ìṣọ́ dé téńté lónìí, pé mo rí àwọn òkè Alps tí yìnyín bo orí wọn. Wọ́n wá ní, “Orúnkún ẹ ńkọ́? Ṣebí ibi fèrèsé àárín lo máa ń dé, tí wàá jókòó?” Mo ní ó ti san díẹ̀. “Ó san kẹ̀?” Wọn ò bi mí ní nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn gbàdúrà. Èmi tí mo mọ irọ́ ọ́ pa, ara mi ò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí Sọ́ńdè dé, mo gbọn kóòtù yín, mo wọ̀ ọ́, mo gba Lingotto lọ.

Kùrukùru bo òkè náà lọ́jọ́ yẹn débi pé ilé ìṣọ́ kò hàn títí mo fi fẹ́ fi orí gbá a. Bàbá arúgbó kan, signor Piero, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti ìwé àlejò sí iwájú mi pẹ̀lú bírò, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ṣí i sẹ́yìn. Orúkọ yín wà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, Sọ́ńdè tẹ̀lé Sọ́ńdè, pẹ̀lú B onírù gígùn tí ẹ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ Bayo. Mo fẹ́ kọ orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé bírò kúrò, orúkọ yín ni mo rí, pẹ̀lú B onírù gígùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín ara mi, mo sọ pé ìwà ti di bárakú.

Mo gun àtẹ̀gùn náà. Ara mi le, ẹsẹ̀ mi le, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni mo fi ń sáré yí pápá bọ́ọ̀lù ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi fèrèsé àárín, orúnkún mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ìrora tó jinlẹ̀ bí ti eyín. Mo ní láti jókòó. Òkúta kan wà níbẹ̀ tó bá ìdí mi mu. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo kùrukùru tó ń wọlé láti ojú fèrèsé, mo sì ń gbọ́ èémí ẹni tó ń mí kíkankíkan. Èmi ni. Mo di ẹnu mi mú kí n lè rí i dájú pé èmi ni.

Ní bar, mo sọ fún signora Ines pé ọmọ yín ni mí, pé ẹ ti kú. Arúgbó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, omi gba ojú rẹ̀, ó ní “Un signore, suo papà,” pé ọmọlúàbí ni yín. Ó wá gbé ife kékeré kan fún mi pẹ̀lú ẹyin síse kan, ó ní ohun tí ẹ máa ń jẹ nìyẹn. Wáìnì pupa ló wà nínú ife náà. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyí, kọfí lẹ ní ẹ ń mu fún Màmá Àgbà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọtí sétí. Ẹ̀yin náà ń purọ́ fún wọn, Bàbá mi. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Mo mu wáìnì náà tán, ó sì dà bíi pé mo rí yín tí ẹ ń fi imú fa èémí.

Sọ́ńdè kejì tí mo lọ, signora Ines ò kí mi bí ọmọ yín mọ́. “Buongiorno, signor Bayo. Il solito?” Orúkọ yín ló pè mí, ó sì ti ń bu wáìnì tí ẹ máa ń mu kí n tó jókòó. Mo ní ọjọ́ orí ló fà á. Mo fẹ́ tún un sọ fún un, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn púpọ̀ láti rí yín, mo sì dákẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo Sọ́ńdè ni mo ń lọ. Màmá Àgbà ò já irọ́ mi mọ́. Wọ́n tilẹ̀ ní ìròyìn mi ti wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Yorùbá tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, níbẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹ mọ èyí tí mo ń sọ tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ iṣu gbígbóná. Mi ò kàwé kankan, mi ò lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wá ni, òwe tí mi ò gbọ́ rí á jáde lẹ́nu mi, Màmá Àgbà á sì ní, “Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ nìyẹn.” Lọ́jọ́ kan mo pe àbúrò mi ní Padova láti bi í pé báwo ni ara màmá. Mo ní “Pẹ̀lẹ́ o, báwo ni?” Mo gbọ́ tí fóònù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó padà gbé e, ó ń sunkún, ó ní, “Smettila di parlare come papà. Mi fai paura,” pé kí n yé sọ̀rọ̀ bíi yín, pé mò ń dẹ́rù ba òun. Mi ò ṣàwàdà rárá, Bàbá mi. Bí ohùn mi ṣe rí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kíkọ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ibi tí ìbéèrè mi wà ni mo dé yìí. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń kó àjàrà tán lọ, ibà dá mi gúnlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Odidi Sọ́ńdè náà ni mo fi sùn. Mi ò jáde nílé, mi ò lọ sí Lingotto, mi ò sì gbé fóònù kankan. Nígbà tí ojú mi là ní ọjọ́ Ajé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irọ́ tí màá pa fún Màmá Àgbà. Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e dé, ara mi ò tíì le tó láti gun òkè, mo pè láti ilé, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀.

“O ṣeun ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àkànní,” ni wọ́n wí. “A sọ̀rọ̀ pẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn òkú tí wọ́n rí lára ògiri yẹn ńkọ́? Ṣé ẹnì kẹta ti jáde?”

Mo bi wọ́n pé òkú wo. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti ń dé bá èmi náà. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo sọ pé àwọn kan ti ń ha ẹfun kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nínú, pé wọ́n bá àwòrán lábẹ́ rẹ̀, òkú tó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn, tí wọ́n ń pàdé àwọn alààyè lọ́nà. Wọ́n ní mo sọ pé méjì ti hàn, pé ẹsẹ̀ ẹnì kẹta nìkan ló tíì jáde.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Sọ́ńdè tí mo lọ gbẹ̀yìn, ògiri funfun ni.

Mo lọ ní ọjọ́ kejì, mo gba àyè níbi iṣẹ́. Wọ́n ti to igi tí wọ́n ń gùn sí ara ògiri apá òsì nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọmọbìnrin kan wà lórí rẹ̀ tó mú abẹ kékeré lọ́wọ́, tó ń ha ẹfun díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn alààyè mẹ́ta lórí ẹṣin, pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye. Níwájú wọn, òkú méjì tó ti di eegun dúró gbọnyin, ẹnu wọn là sílẹ̀ bí ẹni tó ń kíni. Ti ẹnì kẹta, ẹsẹ̀ méjì péré ló tíì jáde lábẹ́ ẹfun. Mo bi ọmọbìnrin náà ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ni. Ó ní ó yẹ kí n mọ̀, ṣebí mo dúró sẹ́yìn àwọn ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà nígbà tí wọ́n ń fi han àwọn ará abúlé lẹ́yìn ìsìn, mo kàn wọ kóòtù mi, mi ò sọ̀rọ̀.

Ní bar, signora Ines ní mi ò mu wáìnì mi tán ní Sọ́ńdè yẹn kan náà. Mo kọjá níwájú ilé ìṣọ́. Signor Piero ti ìwé àlejò síwájú mi, mi ò ṣí i sẹ́yìn wò. Bí orúkọ náà bá wà níbẹ̀, ẹ̀rù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rù. Mo wọ pullman padà láìkọ nǹkan kan.

Nílé a máa ń gbọ́ nípa àkúdàáyà, ẹni tó kú ní ìlú kan tó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tó ń ta ọjà rẹ̀, tó tún fẹ́ ìyàwó. Bí èèyàn rẹ̀ bá dé ìlú náà, òkú náà á pòórá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ lọ sí abúlé ní Sọ́ńdè yẹn ni, Bàbá mi? Tàbí èmi ni mo dìde pẹ̀lú ibà lára, tí mo wọ kóòtù, tí mo lọ tí mo bọ̀ tí mi ò mọ̀? Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni, kí ló dé tí ẹ lọ kí ìyá yín, tí ẹ lọ kí signora Ines, tí ẹ ò wá wò mí lórí ibùsùn?

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá le. Màmá Àgbà ṣubú ní balùwẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Bọ̀dá Múyìwá ní wọn ò jẹ nǹkan kan mọ́ ju ẹ̀kọ mímu lọ, pé egbò ti yọ sí wọn lẹ́yìn nítorí ìdùbúlẹ̀, pé tí wọ́n bá yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́n á ké. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé ti pé yí wọn ká pé ó ti dópin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lajú. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: “Àkànní ò tíì dé.” Sí etí mi wọ́n sọ ọ́ tààrà. Wọ́n ní, “Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn sin mí. Màá dúró dè ẹ́.” Mo ní mò ń bọ̀. Bọ̀dá Múyìwá ló ní kí n máa fi ọ̀rọ̀ permesso, ìwé ìgbélùú, dá wọn dúró, pé ìwé ò tíì jáde ní questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní kò burú, pé àwọn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Arúgbó tó ti ṣetán tó ń jẹ̀rora lójoojọ́, kò lè lọ, nítorí òkú kan ń ṣèlérí fún un lórí fóònù. Ohùn tí mo jí lọ́wọ́ yín ni mo fi so wọ́n mọ́lẹ̀.

Mo sọ fún Bọ̀dá Múyìwá pé mo fẹ́ sọ òtítọ́. Inú wọn ò dùn. “Tó o bá sọ fún wọn, tí wọ́n bá kú, ọrùn ẹ ló wà o.” Mo ní bí mi ò bá sọ ọ́ tí wọn ò sì lè kú, ọrùn ta nìyẹn máa wà? Wọ́n kàn ní kí n jẹ́ kó di ọ̀sán Sọ́ńdè, kí àwọn tó gbé fóònù sí Màmá Àgbà létí.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo gun òkè lọ fún ìgbà ìkẹyìn. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ nínú kíṣìnì tí mo ti ń purọ́. Mo ti pinnu pé ohùn ara mi ni màá fi sọ ọ́. Mo dán an wò lójú ọ̀nà láàárín àjàrà níbi tí kò sẹ́nì kankan. Mo pe orúkọ ara mi, ohùn yín ló pè é. Mo mu omi, mo wúkọ́, mo tún un pè. Mo sọ ní Italian pé ọmọ yín ni mí, ohùn yín ló sọ ọ́, pẹ̀lú “figlio,” ọmọ, tí kì í já geere lẹ́nu yín. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé àdúrà kékeré náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún náà sì dà bí ti àgbàlagbà. Oòrùn ń ràn. Wọ́n ti pa ilẹ̀kùn ilé àdúrà náà dé, kò sí ariwo kankan. Mo tẹ fóònù.

“Àkànní.”

“Màmá.”

“Ṣé o ti ń bọ̀?”

Mo lanu. Ohùn yín ló jáde, Bàbá mi, mi ò sì bá a jà mọ́. Ó ní, “Màmá mi, ẹ má dúró dè mí mọ́. Mo ti kú. Ọdún kẹta nìyí.”

Mo gbọ́ adìyẹ tó ń ké lágbàlá wọn. Mo gbọ́ Bọ̀dá Múyìwá tí ń sunkún lápá kan. Mo rò pé mo ti pa wọ́n.

“Ó dáa bó o ṣe wí fún mi fúnra ẹ,” ni Màmá Àgbà wí níkẹyìn. Ohùn wọn ò gbọ̀n. “Máa lọ, ọmọ mi. Má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó o bá wọn jẹ.”

Ọ̀rọ̀ ìdágbére fún òkú ni, etí èmi alààyè ló bọ́ sí. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá.”

“Ọmọ ẹ ọkùnrin wà nítòsí?”

“Ó wà.”

“Gbé fóònù fún un.”

Mo gbé fóònù kúrò létí ọ̀tún. Bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé gbéra díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹni tó wúwo bá dìde lórí ẹ̀. Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ mi. Mo gbé fóònù náà sí etí òsì.

“Màmá Àgbà, èmi nìyí,” ni mo wí. Ohùn náà tín-ín-rín, Yorùbá rẹ̀ sì ń kọsẹ̀.

“Ìwọ lo máa wá sin mí?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Tètè máa bọ̀.”

Lọ́la ni mo ń gbéra.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń fi ohùn ara rẹ̀ kí yín pé ó dàbọ̀.